Ìtakò, Ìdíwọ́ àti Ìdínà: Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Nọ́sù Ọkọ̀?

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Challenge àti Ring Road ní Ìbàdàn, gbólóhùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí ọmọṣẹ́ kankan: ‘Nọ́sù ti dí.’ Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ti dí ojú ihò tóóró tí epo bẹntiróòlù ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì. Àríyànjiyàn kò sí nínú èyí. Ìgbà tí ògbufọ̀ bá fẹ́ túmọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ímpídáǹsì, tí ó sì sáré mú ‘ìdínà’ lò fún un, ni ọ̀rọ̀ ń dàrú. Lójú ògbufọ̀, ohun tí ó ń dí iná mànàmáná lọ́nà ni ìdínà. Lójú ọmọṣẹ́, ‘ìdínà nọ́sù yìí kéré’ kò lè ju ìròyìn ayọ̀ lọ: nọ́sù mọ́, epo ń kọjá dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewu gan-an ni gbólóhùn náà ń kéde.

Wáyà tín-ín-rín tí a lọ́ po ni ó wà nínú nọ́sù. Bí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn rewáyà ń pè ní bíréènì bọ́kìsì, bá jẹ́ kí iná gba inú wáyà náà kọjá, yóò di mágínẹ́ẹ̀tì, yóò sì fa ẹnu ọ̀nà epo ṣí. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tí ìtakò rẹ̀ sí iná pọ̀, tí ó sábà máa ń tó óòmù 12 sí 16, àti èyí tí ìtakò rẹ̀ kéré, tí ó sábà máa ń wà láàrin óòmù 2 sí 5. Georg Simon Ohm, ará Jámánì, ti là á sílẹ̀ ní 1827 pé bí a bá fi iye óòmù pín iye fóòtì, a ó mọ iye iná tí yóò kọjá. Nítorí náà, lórí bátìrì fóòtì 12, áńpíà 1 ni yóò gba inú nọ́sù óòmù 12 kọjá, ṣùgbọ́n áńpíà 6 ni yóò gba inú nọ́sù óòmù 2. Kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún áńpíà 1 kò lè ru áńpíà 6. Ó lè jóná.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀. Nọ́sù méjì lè jọra bí ìbejì. Mítà ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni tí ó bá fi nọ́sù óòmù 2 sínú ọkọ̀ tí a ṣe fún óòmù 12 gbọ́dọ̀ fi atakò-iná óòmù 10 sójú wáyà nọ́sù kọ̀ọ̀kan, atakò tí agbára rẹ̀ ju wọ́ọ̀tì 10 lọ, kí ooru má baà jó o. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì ni, tí ọkọ̀ ti ní atakò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ní láti yọ ọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́sù óòmù 12 yóò máa lọ́ra láti ṣí, epo kò sì ní tó.

Oliver Heaviside, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà ímpídáǹsì sílẹ̀ ní 1886. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Látìn ni kí a dè ní ẹsẹ̀. Yorùbá ti ní ‘ìdíwọ́’ tipẹ́. Látìn de ẹsẹ̀, Yorùbá dí ọwọ́. Èrò kan náà ni. Òótọ́ ni pé ‘dí’ wà nínú ìdíwọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a dí níbẹ̀, kì í ṣe ihò. Síbẹ̀, ìdíwọ́ ju ohun tí mítà ń kà lọ, nítorí wáyà tí a lọ́ po tún máa ń lọ́ tìkọ̀ nígbà tí iná bá fẹ́ yí padà. Ohun tí mítà rewáyà ń kà ni ‘ìtakò’ nìkan. Ní ṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì, ímpídáǹsì ni wọ́n ń pe méjèèjì. Kò sí ìdí tí ògbufọ̀ Yorùbá yóò fi kó àṣìṣe náà wọlé.

Ẹlòmíràn lè ní kí a kúkú máa lo ‘óòmù’ nìkan. Òṣùwọ̀n ni óòmù. Bí a kò ti lè pe ọ̀nà jíjìn ní kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi òṣùwọ̀n ṣe orúkọ ohun tí a ń wọ̀n.

Ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì ń dúró de tirẹ̀. Òpópónà kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin Yunifásítì Ìbàdàn àti Agbowó. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rékọjá òpópónà náà, kí wọ́n wí i fún ọmọṣẹ́ pé ‘ìtakò nọ́sù yìí kéré’, kí wọ́n sì wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò nà sí. Bí ó bá nawọ́ mú mítà, orúkọ náà ti bá a mu. Bí ó bá nawọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì láti fọ nọ́sù, kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́.