Ẹ Yéé Da Omi Lu Ewébẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í béèrè ibi tó ti wá. Òun ni pé bí omi kò bá ṣàn lórí ebè, tí kò dúró sínú poro kó máa dán, ewébẹ̀ kò tíì mu nǹkan kan. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ óò rí i: bọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, abọ́ lọ́wọ́, omi ń fò lójú afẹ́fẹ́, "ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa." Bí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ tẹ́ rọ́bà tó máa ń kán omi sí ìdí ata níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ni wọ́n á fi í rín. "Èyí tó ń kán tó, tó, tó yẹn? Ìgbà wo ni ìyẹn máa tó?" Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín á ní ti àwọn olóko ńlá nìyẹn, àwọn tó ní kànga dẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀.

Irọ́ ni méjèèjì. Kì í sábà jẹ́ àìsí omi ló ń pa ọgbà ẹ̀yìnkùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a ṣe ń fún un lómi ni. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà kó lè fi rin ata, ó ń ra omi fún poro, fún oòrùn àti fún koríko; ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù ni ata ń rí.

Kí ẹ tó bá mi jà, ẹ ṣe ohun kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lé ebè tí oòrùn ti gbẹ. Ẹ dúró, ẹ máa wò ó. Ojú ilẹ̀ á kọ́kọ́ kọ omi náà. Eruku á léfòó lórí rẹ̀. Omi á wá ọ̀nà ara rẹ̀, á sá lọ sínú poro, á gba abẹ́ ògiri bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò yín. Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ mú àdá, ẹ gbẹ́ ìdí ata náà. Òkè rẹ̀ á tutù níwọ̀n ìka kan tàbí méjì. Lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí gbòǹgbò wà gan-an, erùpẹ̀ gbígbẹ ni ẹ óò bá.

Ilẹ̀ kì í mu omi yára ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ lọ. Ilẹ̀ amọ̀ ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dà á kíákíá, ṣíṣàn ló máa ṣàn lọ. Ilẹ̀ yanrìn ń gbé e mì wàrà, ṣùgbọ́n kì í dá a dúró. Omi náà á kọjá gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀, á sì kó oúnjẹ inú ìmí adìẹ àti ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà lọ pẹ̀lú. Bó wù kí ilẹ̀ yín rí, ẹ pàdánù. Ewé tó sì rọ lọ́sàn-án gangan, tó ń mú yín sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe dandan pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ ló máa ń rọ tí oòrùn bá mú, tí wọ́n á tún gbérí ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó fún wọn ní ẹ̀kán kan.

Ẹ wo tòmáàtì. Ẹ ti rí èyí tí ìdí rẹ̀ dúdú, tó rì wọnú, tó gbẹ, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń pọ́n bọ̀ dáadáa. Àwọn kan ní kòkòrò ni. Àwọn mìíràn ní ayé ni. Wọ́n á ra oògùn, wọ́n á fín in, ìdí tòmáàtì á sì máa dúdú lọ. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, kò sí ayé níbẹ̀. Kálísíọ́mù ni kò dé ìdí èso náà, omi ló sì ń gbé kálísíọ́mù gba inú gbòǹgbò wá. Bí ilẹ̀ bá gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ wá da ìkún omi lé e lọ́jọ́ kẹrin, tó tún gbẹ, ọ̀nà tó ń gbà wá á máa já. Ìkún omi òjijì yẹn kan náà ló ń mú kí èèpo tòmáàtì là. Kò tán síbẹ̀: omi tí a dà láti òkè máa ń ta erùpẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀, inú erùpẹ̀ yẹn sì ni púpọ̀ nínú àwọn àrùn tó ń fi àmì dúdú sára ewé tòmáàtì ti ń gòkè.

Aláìsàn tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì so omi kọ́ sókè orí rẹ̀, omi náà sì ń kán wọ iṣan rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. N kò tíì rí ẹbí tó bá nọ́ọ̀sì jà pé kó lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Ọgbọ́n tí a mú dé wọ́ọ̀dù yìí, ẹnu géètì ilé wa la máa ń jù ú nù sí.

Wọ́n á ní, "Ó dáa, a gbọ́, ṣé ó máa wá tó ni?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa, oòrùn àti ewé jọ máa ń fa nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 5 omi kúrò nínú ilẹ̀ lójúmọ́. Mìlímítà 1 lórí mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà 1 gééré. Ebè tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 10, á wá máa mu lítà 40 sí 50 lójúmọ́ nígbà tí ewé bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Dúróòmù aláwọ̀ búlúù tí à ń rà lọ́jà ń gba lítà 200. Ebè mẹ́rin nìyẹn: méjì fún ata, ọ̀kan fún tòmáàtì, ọ̀kan fún ṣọkọ. Ìdílé mélòó ló ń dá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìnkùlé?

Ẹ wá wo rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ihò ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ pé ihò kọ̀ọ̀kan ń mú lítà 2 wá ní wákàtí kan. Ibi tí omi ti ń ti ibi gíga tó mítà 10 sọ̀ kalẹ̀ ni ìṣirò yẹn wà fún. Láti orí dúróòmù tó ga ní mítà 1, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ihò kan á mú wá, ìyẹn díẹ̀ lé ní ìdajì lítà. Ẹ tẹ́ rọ́bà méjì sórí ebè mítà 10: ihò bíi 66, lítà bíi 40 ní wákàtí kan. Oúnjẹ òòjọ́ ebè náà ti pé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó jẹun àárọ̀ tán, tó-tó-tó tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ti parí iṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní nǹkan aṣálẹ̀ ni, pé àwa ní òjò. Òótọ́ ni pé aṣálẹ̀ ló ti gbilẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Simcha Blass, onímọ̀ ẹ̀rọ omi kan tó wá di ará Ísírẹ́lì, kíyè sí igi kan tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. Páìpù tó ń jò ló ń kán sí ìdí rẹ̀. Ó pẹ́ kí rọ́bà tó dára tó jáde tí yóò fi ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1965, òun àti àwọn ará Hatzerim, abúlé àgbẹ̀ kan ní aṣálẹ̀ Negev, dá ilé-iṣẹ́ Netafim sílẹ̀. Òjò agbègbè yẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 200 lọ́dún. Ti Ìbàdàn lé ní 1,200. Ṣùgbọ́n mélòó nínú 1,200 yẹn ló ń rọ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta? Òjò oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti fà á mu, kò sì sí ìwúre tó máa dá a padà sí ìdí ata nígbà ọyẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ìdì ṣọkọ ń kéré sí i lọ́jà, tí owó rẹ̀ ń gòkè.

Mo fura pé ìjọba ló kọ́ wa ní irọ́ kejì, pé ti àwọn olóko ńlá ni. Wọ́n sé odò Ọ̀yán, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní 1983, wọ́n ní yóò pèsè omi mímu, yóò sì bomi rin oko. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbọ́ pé à ń bomi rin oko, ìsédò, ẹ̀rọ ńlá àti kọngílá ló ń rí lọ́kàn. Kò wá sí i lọ́kàn pé dúróòmù lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìtòsí. Ní agbègbè Kalalé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń pọn omi sí ọgbà wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àjọ Solar Electric Light Fund bá wọn ṣe ètò omi kíkán níbẹ̀ láti 2007. Jennifer Burney àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2010: àwọn obìnrin náà ń jẹ ewébẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nílé, wọ́n sì ń tà lára rẹ̀. Mo mọ èyí tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní àwọn yẹn ní sólà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní in. Òun ló ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ wá sínú táńkì. Láti inú táńkì dé ìdí ewébẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan: omi ń ti òkè bọ̀ wá sílẹ̀ ni, bí omi ti máa ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tí mẹ́ruwà tàbí ọmọ ilé bá ti bá yín gbé omi dé ẹnu dúróòmù, iṣẹ́ sólà ti parí nìyẹn.

Dúróòmù tó kún ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 200, nítorí náà kì í ṣe orí tábìlì àtijọ́ là ń gbé e lé. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà lu ihò ẹnu ẹ̀rọ sí i níwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ìdí rẹ̀, kì í ṣe nídìí gan-an, kí ẹrẹ̀ lè rí ibi sùn sí. Asẹ́ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣahun. Wọ́n á ní omi kànga àwọn mọ́ lóló. Ó lè mọ́ lójú yín. Ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rọ́bà náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ, yanrìn tí ojú yín kò rí ló máa dí i. Omi kànga dẹ̀rọ tó ní irin nínú, èyí tó ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ kun dúróòmù náà ní dúdú, kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn má baà hù nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ rọ́bà, ihò rẹ̀ kọjú sókè, kó má gùn ju mítà 15 lọ. Bí ilẹ̀ yín bá dagun, ìbú ni kí ẹ tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ láti òkè sí ìsàlẹ̀, ata ìsàlẹ̀ á yó, ti òkè á máa gbààwẹ̀. Ẹ di ìdí rọ́bà, ṣùgbọ́n kó ṣeé tú: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tú u kí omi fọ ìdọ̀tí jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà o. Oríṣi ihò kan wà tí wọ́n ṣe kí gbogbo rẹ̀ lè mú iye omi kan náà wá, ìbáà jẹ́ lórí òkè tàbí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó dára, ó sì wọ́n. Àmọ́ agbára omi tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju ti dúróòmù mítà 1 lọ fíìfíì. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n tà á fún. Ó tẹ́ ẹ tán, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó dúró títí, ihò díẹ̀ ló sunkún. Ìyá náà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ẹni tó rí dúróòmù lọ́wọ́ oníbàárà tó sì tà á fún un ló jẹ̀bi, kì í ṣe omi kíkán.

N kò ní parọ́ fún yín: tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a fọ́n ká bí ọwọ́ ṣe jù ú, rọ́bà kan kò lè tó gbogbo rẹ̀. Ẹ gbìn ín ní ìlà, tàbí kí ẹ tẹ́ rọ́bà súnmọ́ ara wọn. Irúgbìn tí kò tíì hù pàápàá ń fẹ́ kí a wọ́n omi sí i lórí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ títí á fi yọrí. Eku á gé rọ́bà, ọkọ́ ẹni tó ń roko á gé e; ìdè kékeré kan ni à ń fi so ó padà, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ẹni tí kò bá sì ní owó rọ́bà, kó lọ ra ìkòkò amọ̀ tí wọn kò fi nǹkan kan kùn, kó rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàárín ata mẹ́rin, kó pọn omi kún un, kó dé e. Omi á máa rin jáde lára rẹ̀ lọ bá gbòǹgbò, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rin lára àmù ilé wa. Wọ́n ti kọ irú ọgbọ́n yìí sínú ìwé ní Ṣáínà ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń bá mi jiyàn, kó má wulẹ̀ fi ẹnu ṣe é. Kó kọ ebè méjì tó dọ́gba nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kó gbin ata kan náà sí i lọ́jọ́ kan náà, ìmí adìẹ kan náà. Kó máa da bọ́kẹ́ẹ̀tì lé ọ̀kan títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó jẹ́ kí èkejì máa kán. Kó máa fi èédú sàmì sára ògiri fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu. Lọ́jọ́ tí ata bá pọ́n, kó pè mí wá ka àmì náà.