Bí Àìsàn Òjijì Bá Dé Bá Ọkọ Tàbí Aya Lẹ́yìn Odi

Ní àwọn abúlé oko agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àìsàn òjijì kì í ṣe ohun tí obìnrin ń dá nìkan gbé. Bí ọkọ bá ṣubú lórí ebè, igbe kan ṣoṣo ni aya yóò ké, àwọn ará oko ìtòsí yóò ti dé. Wọn yóò gbé e wọ Ìbàdàn, nítorí pé ọmọ Ìbàdàn kì í fi oko ṣe ilé. Ìgboro ni agbo ilé rẹ̀ wà. Láti ọdún 1957 tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn UCH, ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé dé ibẹ̀. Aya ni yóò jókòó ti ibùsùn. Ẹlòmíràn yóò gbé oúnjẹ wá, ẹlòmíràn yóò kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀, àgbàlagbà kan yóò sì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ọmọ àwọn oko yìí kan náà ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Mánṣẹ́sítà lónìí. Bí ọkọ bá ṣubú sí balùwẹ̀ lóru, tí ẹnu wọ́, tí apá kan kò gbé mọ́, ta ni ìyàwó yóò ké sí? Àṣìṣe ńlá ni kí ó máa pe wòlíì tàbí àlùfáà ní Ìbàdàn nígbà tí kò tíì pe 999. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí iṣan ọpọlọ, oògùn kan wà tí ń tú u, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán orí láti mọ̀ pé kì í ṣe pé iṣan bẹ́. Àdúrà dára, ó lè máa lọ nínú ọkọ̀ ìwòsàn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba owó ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó sì ti san owó ìlera pẹ̀lú físà rẹ̀, tí ó di £1,035 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní oṣù Kejì ọdún 2024, kò tún ní san owó ibùsùn.

Ohun tí ó ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìgbéyàwó nìkan kò fún aya láṣẹ láti pinnu ìtọ́jú ọkọ tí iyè rẹ̀ ti rá, tàbí láti fọwọ́ kan owó tí ọkọ dá nìkan ní ní báńkì. Òfin ọdún 2005 kan ni ó fàyè sílẹ̀ kí ènìyàn fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún ẹni tí ó fọkàn tán nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Bí wọ́n bá dárúkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni tọkọtaya ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn baba olóko kókó ọ̀nà Àkànrán kò dúró de ikú kí wọ́n tó mú ọmọ rìn yí ààlà ká, kí wọ́n fi igi pèrègún hàn án. Wọn kò sì tipa bẹ́ẹ̀ kú.

Èyí tí ó burú jù ni ìfipamọ́. "Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o." Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí: ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àbúrò ọkọ yóò béèrè owó ilé-ìwé, ìyàwó yóò máa pa irọ́, wọn yóò pè é ní ahun. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: kí ni ó fún ọmọ wa jẹ? Obìnrin tí kò fojú kan oorun fún oṣù kan di ẹni tí ń rojọ́.

Àṣà kọ́ ni èyí. Ìyá ni àwọn àgbà ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún, wọn kì í fi í pamọ́ fún mọ́gàjí. Olórí agbo ilé ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́, òun ni yóò sì wá ọ̀nà tí ìyá yóò fi gbọ́ láìṣubú. Ó yẹ kí ẹni kan láti ìdílé ọkọ àti ẹni kan láti ìdílé ìyàwó mọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí àwọn náà sì dá àwọn tí ń tọrọ owó dúró. Nítòsí pẹ̀lú, kí aládùúgbò kan mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà àti ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń lọ. (Bí ìyàwó ni ó bá ṣubú, ọ̀rọ̀ náà tún le, nítorí ọkọ mìíràn kò mọ ibi tí aṣọ àwọn ọmọ wà.) Àwọn Yorùbá tí ó ṣòwò ní Gánà, kí ìjọba Busia tó fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò nílẹ̀ náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń sá tọ̀ ní ọjọ́ ìṣòro.

Ìyá tí ó wà lóko pàápàá ti ní fóònù lọ́wọ́ báyìí. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni ó mọ̀. Bí ìyàwó bá pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọkọ kò kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ná.