ÀÁRÓ, Ọ̀WẸ̀ ÀTI OMI ÌYÁ ÀGBÀ

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gbọ́ orúkọ Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé oko ríro ni ó fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ kí ọ̀rọ̀ ogun tó dé? Ní ayé ìgbà náà, àwọn Ẹ̀gbá ṣì wà nínú Igbó Ẹ̀gbá. Ọdún 1830 ni wọ́n tó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Abẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, àwọn ìlàrí ọba a sì máa fi ìyà jẹ wọ́n. Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àáró. Bí gbogbo wọn bá ro oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn ni wọn yóò ro lọ́la. Àwọn òpìtàn sọ pé nígbà tí ó kan Lísàbí, iṣẹ́ tí ó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Wọ́n sì ṣe é.

Àáró dára, ṣùgbọ́n sísan ni wọ́n ń san án padà. Ọ̀wẹ̀ rọrùn díẹ̀ jù ú lọ: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́. Arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ńkọ́? Kò lágbára láti san àáró, kò sì ní iṣu tí yóò gún fún ọlọ́wẹ̀. Ní tèmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, kí á má sì ka ohun tí a ṣe fún un.

Ní ọdún 1944, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kàwé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọlọ́jà Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìyà tí àwọn ọlọ́jà ń jẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1946, wọ́n ti jọ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Àwọn òbí kan a máa sọ pé, “Ọmọ mi kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.” Èmi kò bá wọn jiyàn pé kí ọmọ tọrọ àyè nílé kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n omi pípọn fún arúgbó kì í ṣe ẹrú ṣíṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìkìjà, lẹ́bàá Òkè Olúmọ, ẹ mọ bí àpáta ti rí. Bí ọmọ mẹ́rin bá gbé garawa kọ̀ọ̀kan gun òkè lọ bá ìyá àgbà, ìkòkò rẹ̀ yóò kún kí aago ilé-ìwé tó lù. Bí ó bá fún yín ní ẹ̀pà, ẹ gbà á, ẹ sì kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ owó ni ó nà sí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi pamọ́.

Ẹ má sì ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé olùkọ́ ni ó ní kí ẹ lọ. Omi tí ẹ bá pọn fún un lọ́jọ́ Ajé, yóò ti tán kí Ọjọ́rú tó dé.