Ọdẹ Kì Í Ṣe Ọ̀dẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàrin wa. Ohun tí ó mú mi rántí rẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa fẹ́ yí orúkọ tí àwọn àgbà wo ilé sọ padà.

Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti lo ìsinmi tí ó kọjá, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣàngó. Ẹni tí ó bá mọ oríta yẹn, níbi tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti ya kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, yóò mọ bí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ tó ní agbègbè náà. Ẹnu géètì ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Ṣàngó ń ṣọ́ lóru. Tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti ìwé tí a ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ni irinṣẹ́ rẹ̀. "Ọdẹ" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí géètì, àwọn ọ̀dọ́ kan a rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọn a ní "Ọ̀dẹ̀!", wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ohùn nìkan ni wọ́n yí, wọ́n sì ti sọ olùṣọ́ di òmùgọ̀.

Orúkọ bàbá tiwa náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ́. Ọmọ Bàbá Ṣàngó, tí ó jáde yunifásítì, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní agbègbè náà, ti lọ búra ní kóòtù pé òun fẹ́ fi Olú rọ́pò Ọdẹ́. Ó ku kí ó gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ó ní wọ́n ń fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi iṣẹ́, àti pé wọ́n sọ fún òun ní ṣọ́ọ̀ṣì pé orúkọ òrìṣà ni.

Ti ẹ̀fẹ̀ kò le. Nínú Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́yẹmí àti Ọdẹ́tọ́lá, ohùn àárín ni ó wà lórí sílébù kìíní, ohùn òkè wà lórí èkejì. Ohùn òkè yẹn ni ó so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: odindi gbólóhùn ni orúkọ náà. Ọ̀dẹ̀ kò ríbi wọ inú rẹ̀. Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni ó kó bá wa. Ìpínlẹ̀ wa pàápàá kò bọ́: odò Ògùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1976, síbẹ̀ mélòó nínú wa ni ó ń rò pé Ògún òrìṣà irin ni?

Ti ìgbàgbọ́ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá ẹni tí ó sọ Ògún di Olú jà. Òótọ́ ni pé Ògún ni àwọn ọdẹ ń bọ. Ṣùgbọ́n ọdẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe òrìṣà, iṣẹ́ ni. Fágúnwà, onígbàgbọ́ àti olùkọ́, fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ní 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ifá tí ó wà nínú orúkọ bàbá rẹ̀ pàápàá, kò yọ ọ́ kúrò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Smith, àwọn ará Jámánì ń jẹ́ Schmidt, àwọn Lárúbáwá ń jẹ́ Haddad. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn, n kò sì tíì gbọ́ pé Smith tí ó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ń tijú òòlù.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tí ọdẹ jẹ́ láyé àtijọ́. Kì í ṣe ẹran pípa nìkan. Ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà inú igbó, òun ni ó ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá, nítorí náà òun ni amí lójú ogun, òun náà ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru. Ìdí nìyí tí a fi ń pe olùṣọ́ òru ní ọdẹ títí di òní. Àwọn ará Ṣàngó kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ta ni wọ́n tún sáré wá? Àwọn ọdẹ kan náà. Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ìdílé wa, Bàbá Ṣàngó nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ bá orúkọ wa mu.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí, kò ní yà òun lẹ́nu. Mo wá bi í pé, "Bọ̀dá, bí ó bá jẹ́ pé máníjà ni Bàbá ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ṣé ẹ ó lọ sí kóòtù?" Kò dá mi lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀, Bàbá ní kí n ka ìwé kóòtù náà sí òun létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ tuntun náà, ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn?" Ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́.