Ta Ló Ń Ta Ìfẹ́ Jí?

Orin Sólómónì, ìwé orí 8 péré inú Bíbélì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ẹ má sá lọ, ìwàásù kọ́.) Orin ìfẹ́ àwọn Hébérù ni, ọkùnrin àti obìnrin ń yin ara wọn níbẹ̀ láìtijú. Ìgbà mẹ́ta, ní orí 2, 3 àti 8, ni ìkìlọ̀ kan ń padà wá, pé kí wọ́n má ta ìfẹ́ jí nígbà tí àsìkò rẹ̀ ò tíì tó.

Àwọn oníwàásù máa ń kọjú ìkìlọ̀ yẹn sáwọn ọ̀dọ́. Ẹ tún un kà. Àwọn ọmọbìnrin Jerúsálẹ́mù tó dúró tì wọ́n ló ń bá wí. Àwa gan-an ni! Àwa tá à ń bi ọmọ ọdún 24 pé ọkọ dà, tá à ń fi nọ́ńbà ọmọkùnrin kan n'Íbàdàn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tá a ti ń yan aṣọ ẹbí káwọn méjèèjì tó jókòó jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń tajà, mi ò sì lè gba béèlì aṣọ tí wọn ò jẹ́ kí n tú wò.

Rélùwéè tó dé Kánò ní 1911 rin ohun tó ju 1,000 kìlómítà lọ láti Èkó, ẹni tó bá sì fẹ́ ìyàwó láti ilé á dúró de lẹ́tà. Alárinà á ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ẹbí á ṣèwádìí, ọmọ á jẹ́ hẹn kí wọ́n tó lọ tọrọ, kí wọ́n tó dána. Mi ò ní gbogbo àtijọ́ ló dáa o. Wọ́n fún àwọn míì lọ́kọ láìbi wọ́n. Ìyẹn náà, títa jí tipátipá ni.

Sùúrù yìí kì í sì í ṣe oorun. Ní orí 5, obìnrin yẹn jáde lóru ó ń wá olólùfẹ́ ẹ̀ káàkiri ìlú, àwọn ọlọ́dẹ sì lù ú. Orí 8 tún sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọrọ̀ ra ìfẹ́, yẹ̀yẹ́ ló máa gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka mọ́tò ọkùnrin fún ọmọ yín, ẹ gbọ́ ná.

Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi ọdún kan mọ ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ́ òun, ẹ fún un lọ́dún kan náà. Ẹ lè máa béèrè ibi tó dé. Ẹ ṣáà má pe pásítọ̀ tàbí àfáà wá bá yín lé e.