Bí owó oṣù bá dúró, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn?

Òṣìṣẹ́ tó wà ní Pólì ìjọba àpapọ̀ n'Ílaròó ní ètò adójútòfò ìlera, èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Ó kan ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n so ó mọ́. Bí ẹni náà bá pé ọdún 65 tó sì fẹ̀yìntì, ètò náà kò bá a délé. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń yọjú.

Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Ayétòrò kò tilẹ̀ ní owó oṣù tí wọ́n lè yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ó dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Nítorí náà, kí owó oṣù ìkẹyìn tó wọlé, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti béèrè lọ́wọ́ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ògùn bí òun yóò ṣe máa dá owó tirẹ̀ san. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.