Ìwé Tí Kò Ní Akọ̀wé

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nítorí ìdí èyí ni Yorùbá fi í ṣọ́ra púpọ̀ nípa ẹni tí wọn yóò fi ọ̀rọ̀ rán. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa wọn ọ̀rọ̀ wò kí ó tó sọ ọ́. Bí ó bá sì bà á jẹ́, òun náà ni a óò pè wá ṣàlàyé.

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, àṣà yìí kò kú. Akọ̀wé ni ó gba ipò ìránṣẹ́. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò mọ̀wé a máa tọ akọ̀wé lẹ́tà lọ, a jókòó tì í, a sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Ní 1915, ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá bá wọn kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Irú òfin náà ṣì wà nínú ìwé òfin Ìpínlẹ̀ Èkó títí di òní. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí lẹ́tà bá dá ìjà sílẹ̀, kí a lè mọ ilé ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní Ẹgan, bí ó ti rí káàkiri Alímọ̀ṣọ́, àwọn tí ń jẹun nídìí ìwé kíkọ kò kéré: àwọn tí ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí ń kọ ìpolówó ọjà fún ilé iṣẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ̀wé fún oníbàárà òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá 2022, tí ChatGPT ti jáde fún gbogbo ayé, ẹ̀rọ náà ti di alábàáṣiṣẹ́ wọn, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn akọ̀wé pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé ọ̀gá tí í gbé iṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, a sì wí pé, “Ṣáà bá mi tún un ṣe díẹ̀.” Owó náà á sì di díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé aṣọ tí ẹlòmíràn ti gé bàjẹ́ ṣòro rán ju aṣọ tuntun lọ? Ẹ̀rọ a máa dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. A sì máa tọ́ka sí ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ kankan kò dá. Bí ó bá dé orí èdè Yorùbá, ó lè fi àmì ọkọ́ sórí ọkọ, kí ó sọ ọkọ ìyàwó di ohun èlò oko. Bí àṣìṣe bá sì hàn sí oníbàárà, akọ̀wé ni wọn yóò fún ní kúẹ̀rì. Ẹnìkan kì í fún ẹ̀rọ ní kúẹ̀rì.

Èkejì tún korò ju èyí lọ: ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé ni a ń pè ní olè. Ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, gbajúmọ̀ olókòwò kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sọ lórí X pé ẹnìkan kọ̀wé sí òun, òun sì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, delve, nínú rẹ̀. Ó kà á sí àmì pé ẹ̀rọ ni ó kọ ọ́. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ fi kọ́ àwọn ní ilé ìwé nìyẹn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford rí i pé àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ pe ju ìdajì àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù keje ọdún náà, OpenAI, tí ó ni ChatGPT, kó irú ẹ̀rọ ìṣọ́ tirẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé kò péye.

Àwọn kan ti jà fún ara wọn. Àwọn òǹkọ̀wé eré sinimá ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148 ní 2023. Nínú àdéhùn tí wọ́n gbà, ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú òǹkọ̀wé lo ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì gbé ohun tí ẹ̀rọ kọ fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un.

A kò lè sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Ìyá oníṣòwò tí kò lówó akọ̀wé lè fi tọrọ gbèsè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin 1915 béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́tà kò pọ̀ jù láti béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òde òní. Kí ẹni tí ó lo ẹ̀rọ jẹ́wọ́. Kí ó ka àtúnṣe sí iṣẹ́, kí ó sì san owó rẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó fura sí akẹ́kọ̀ọ́ pè é, kí ó bi í léèrè ohun tí ó kọ, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀rọ kò ní ojú tí ìtìjú yóò bò, kò sì ní orúkọ ìdílé tí yóò bàjẹ́. Ìwé tí kò ní akọ̀wé, bí ẹyin inú rẹ̀ bá fọ́, ta ni yóò kó èépá rẹ̀?